Kọ̀ǹpútà ń kú lójijì bí mo bá ń réńdà fídíò: ṣé páwà páàkì ni?

Ayàfídíò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti ń dà mí láàmú. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí mo fi ń ṣiṣẹ́ fídíò ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Kì í lọ́ra, kì í kọ́kọ́ dúró gbagidi. Ó kàn máa ṣú lójijì ni, fáànù á dákẹ́, àfi bíi pé wọ́n mú iná lọ. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún dá tan fúnra rẹ̀. Bí mo bá ń kọ̀wé tàbí tí mo wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní kó réńdà fídíò (kó pa gbogbo ohun tí mo tò pọ̀ di fídíò kan ṣoṣo), tí káàdì àwòrán ti ń ṣiṣẹ́ gidi, ṣe ni mo máa ń jókòó retí ìgbà tó máa kú.

Ìṣòro kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Mo máa ń yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri lálẹ́. Tí mo bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì padà láàárọ̀, bí mo tẹ bọ́tìnì títí, kò ní dáhùn. Àfi kí n fi í sílẹ̀ kí iná máa wọ inú rẹ̀ fúngbà díẹ̀ kó tó gbà láti tan. Ní gbogbo àsìkò yẹn, gílóòbù kékeré orí mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) á máa ṣẹ́jú bàìbàì.

Páwà páàkì náà, ìyẹn àpótí tó ń sọ iná ògiri di èyí tí kọ̀ǹpútà lè lò, jẹ́ 550W, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Káàdì àwòrán ń gba púlọ́ọ̀gì oníhò 8 kan. Ohun tí mo rí nínú Event Viewer ti Windows (ibi tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ sí) ni Kernel-Power 41, BugcheckCode rẹ̀ sì jẹ́ 0. Ṣé páwà páàkì ni kí n lọ rà ni, àbí nǹkan mìíràn ni? N kò fẹ́ ra èyí ra tọ̀hún kí ìṣòro náà ṣì jókòó síbẹ̀.

Dídákẹ́
RAM (mẹ́mórì kọ̀ǹpútà) ni. Yọ ọ́, fi ìrésà nu ẹnu rẹ̀, kí o sì fi í padà sáyè rẹ̀.

Ọmọ_Túlẹ̀
Tàbí ooru. Ẹ ṣí i, ẹ fọn eruku inú rẹ̀ dànù, kí ẹ pààrọ̀ òróró ìtutù orí CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà). Ẹ̀rọ tó ń kú nígbà iṣẹ́ líle, ooru ló sábà máa ń jẹ́.

Ìyá_Àgbà_Mítà
Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ná. RAM tó bàjẹ́ kì í sábà ṣe báyìí. Ojú búlúù lẹ máa rí, tàbí kí fáìlì máa bàjẹ́, kí ètò máa pa ara rẹ̀ dé láìnídìí. Kó pa gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí fáànù pàápàá dúró, ìyẹn ṣọ̀wọ́n.

Ti ooru ṣeé gbé yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n CPU òde òní kì í dédé kú. Bó bá gbóná tó nǹkan bíi 95 sí 100°C, á kọ́kọ́ dín eré rẹ̀ kù, iṣẹ́ á sì fà. Ayàfídíò ti sọ pé kì í lọ́ra. Síbẹ̀, kí ó ka ìwọ̀n ooru náà wá.

Ọ̀rọ̀ 41 yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rí i tí wọ́n á ní "ó ti sọ pé páwà páàkì ni." Kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Gbogbo ohun tó wí ni pé nígbà tí Windows tan, ó rí i pé wọn kò pa òun bó ṣe yẹ. Kò mọ ohun tó fà á. Èyí tó wúlò níbẹ̀ ni 0 yẹn. Ó ń wí pé Windows kò ráyè kọ àṣìṣe kankan sílẹ̀ kó tó kú. Bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan di bọ́tìnì mú, a jẹ́ pé iná ló já, tàbí mọ́dábọ́ọ̀dù ló rí ohun kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn tó fi ní kí gbogbo nǹkan dúró.

Ayàfídíò, ṣọ́ ọ fún mi. Tó bá kú, ṣé ohun kan máa ń dún nínú páwà páàkì? Ṣé gílóòbù orí mọ́dábọ́ọ̀dù máa ń kú pẹ̀lú rẹ̀? Ṣé gbogbo ìgbà ló ń dá tan padà, àbí ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé àfi kí o yọ wáyà ògiri?

Ayàfídíò
Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti ṣọ́ ọ. CPU kò kọjá 71°C, káàdì àwòrán wà ní 68°C nígbà tó ṣú. Nǹkan kan dún "káà" nínú páwà páàkì bó ṣe kú, ó tún dún nígbà tó tan. Gílóòbù yẹn ṣẹ́jú, kò kú pátápátá. Lọ́pọ̀ ìgbà ó ń dá tan padà, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ó kọ̀ jálẹ̀, àfi ìgbà tí mo yọ wáyà lára ògiri, tí mo ní sùúrù díẹ̀, kí n tó kì í bọ̀ ọ́ padà.

Ìyá_Àgbà_Mítà
A ti ń bọ̀ níbẹ̀. "Káà" yẹn, relé, súwíìṣì kékeré inú páwà páàkì, ló ń já tó tún ń mú. Kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀, ó kàn ń jẹ́rìí pé páwà páàkì gan-an ló ṣíwọ́.

Wáyà kan wà nínú púlọ́ọ̀gì oníhò 24, àwọ̀ eérú ni. Páwà páàkì máa ń fi 5V ránṣẹ́ gba ibẹ̀ láti sọ fún mọ́dábọ́ọ̀dù pé iná ti dúró dáadáa. Nígbà tí o bá ń tan kọ̀ǹpútà, kì í fi í ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń dúró nǹkan bíi 100 sí 500 mìlísẹ́kọ́ǹdì kó lè dá a lójú. Bí iná bá rẹlẹ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́, á mú àmì yẹn kúrò, mọ́dábọ́ọ̀dù á sì tún gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń dá tan padà nìyẹn. Èyí tó kọ̀ jálẹ̀ títí o fi yọ wáyà, ààbò inú páwà páàkì ló ti ara rẹ̀ pa. Ó rò pé iná ń ṣàn jù tàbí pé ohun kan fẹ́ jóná, kò sì ní ṣí ara rẹ̀ sílẹ̀ àfi kí iná ògiri kúrò lára rẹ̀.

Ọmọ_Túlẹ̀
Ìyá wa, ẹ ti mú un gùn jù. Ọ̀nà tó yá jù lọ rèé: ẹ yọ púlọ́ọ̀gì oníhò 24 kúrò lára mọ́dábọ́ọ̀dù, ẹ fi wáyà kékeré so ti àwọ̀ ewé mọ́ èyíkéyìí nínú àwọn dúdú, kí ẹ wá tan súwíìṣì ẹ̀yìn. Bí fáànù bá yí, páwà páàkì dára. Bí kò bá yí, ó ti kú. Ó parí.

Ìyá_Àgbà_Mítà
Kò tíì parí o, ọmọ mi. Wáyà àwọ̀ ewé ni mọ́dábọ́ọ̀dù fi ń sọ fún páwà páàkì pé "ó yá, tan." Bí o bá so ó mọ́ dúdú, o ti sọ ọ́ fún un fúnra rẹ. Fáànù tó yí fi hàn pé ó gbọ́. Kò fi hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba W díẹ̀ ni fáànù ń jẹ, nígbà tó jẹ́ pé ti Ayàfídíò ń kú lẹ́nu ẹrù tó tó 300W tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó lè dìde lórí ibùsùn, ṣé ó ti lè ru àpò sìmẹ́ńtì nìyẹn?

Lápá kejì, fáànù tí kò yí kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti kú. Àwọn kan wà lóde báyìí tí fáànù wọn kì í yí rárá àfi tí ẹrù bá pọ̀ tàbí tí inú wọn bá gbóná. Mítà nìkan ló lè sọ òótọ́ fún ọ.

Kì í ṣe pé àyẹ̀wò yẹn kò wúlò. Ó dára fún ẹ̀rọ tí kò tan rárá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kí ó yọ wáyà ògiri kó tó ki wáyà kékeré náà bọ̀ ọ́, kí ó sì já gbogbo nǹkan yòókù kúrò lára páwà páàkì. Àwọn tí gbogbo wáyà wọn dúdú ńkọ́? Ẹ yí apá tí ìkọ́ púlọ́ọ̀gì wà sókè. Nínú ìlà ihò mẹ́jìlá apá ìkọ́ yẹn, ọ̀kan wà tí kò ní wáyà nínú, nínú ọ̀pọ̀ páwà páàkì òde òní. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìkángun tó jìnnà sí ihò òfìfo yẹn, ìkẹrin ni ẹ ń wá. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, ti dúdú ni àwọn méjèèjì.

Aláìsùn
Ẹ má bínú pé mo já wọ ọ̀rọ̀ onílé. Tèmi kò tan rárá, ṣùgbọ́n gílóòbù mọ́dábọ́ọ̀dù ń tàn kedere, kò ṣẹ́jú. Mo ṣe ti wáyà àwọ̀ ewé yẹn, fáànù yí. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà, mo tẹ bọ́tìnì, pabo.

Ọmọ_Túlẹ̀
@Aláìsùn, ẹ wo ibi tí àwọn wáyà tín-ín-rín iwájú àpótí ti wọ mọ́dábọ́ọ̀dù. Irin kékeré méjì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ PWR_SW tàbí PWR_BTN sí. Ẹ yọ wáyà bọ́tìnì kúrò lórí wọn, ẹ wá fi ẹnu sikurudíráfà kan àwọn méjèèjì pọ̀ fìrí. Bó bá tan, bọ́tìnì iwájú àpótí ni aṣebi.

Aláìsùn
Ó TAN! Bọ́tìnì lásán! Mo ti fi wáyà bọ́tìnì rẹ́sẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo jáde.

Ayàfídíò
Ẹni tó ni ìṣòro gan-an ṣì wà níbí o 😂 Mo ti yá mítà. Ibo ni kí n fi sí?

Ìyá_Àgbà_Mítà
Kí o má fi ìkánjú ṣe é. Yí mítà sí V ti iná tààrà, ìyẹn èyí tí ìlà títẹ́jú wà lórí rẹ̀, ní ìwọ̀n 20V. Ẹnu dúdú mítà lọ sí wáyà dúdú, ẹnu pupa lọ sí èyí tí o fẹ́ wọ̀n. Má yọ púlọ́ọ̀gì kankan. Láti ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì, níbi tí wáyà ti ń wọlé, ni kí o ti fi ẹnu mítà yọ́ wọlé títí á fi kan irin. 12V kò lè gbé ọ, ṣùgbọ́n bí ẹnu mítà bá yẹ̀, tó so yẹ́lò mọ́ dúdú, á ta iná pàrà, o sì lè ba mọ́dábọ́ọ̀dù jẹ́. Nítorí náà, ìdákọ̀ọ̀kan ni kí o máa wọ̀n wọ́n, ọwọ́ kan lórí mítà, kí ọwọ́ kejì sinmi.

Èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ ni ti àwọ̀ àlùkò. Wáyà yẹn ló ń gbé 5V tó wà láàyè nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà ní pípa, tí wáyà ògiri ṣì wà lára rẹ̀. Láàárọ̀, kí o tó tẹ bọ́tìnì, wọ̀n ọ́n bí o bá ṣe ń ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí o sì máa wò ó lọ.

Lẹ́yìn náà, tan kọ̀ǹpútà, jẹ́ kó jókòó lásán. Wọn yẹ́lò, pupa, àti àwọ̀ ọsàn. Lẹ́yìn ìyẹn, bẹ̀rẹ̀ réńdà, kí o sì tẹjú mọ́ yẹ́lò. Wọ̀n ọ́n ní púlọ́ọ̀gì oníhò 24, kí o wá wọ̀n ọ́n ní ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì káàdì àwòrán. Ibi méjèèjì ṣe pàtàkì.

Yẹ́lò kò gbọ́dọ̀ kúrò láàárín 11.4V sí 12.6V. Pupa àti àwọ̀ àlùkò, 4.75V sí 5.25V. Àwọ̀ ọsàn, 3.14V sí 3.46V. Ìlànà ATX ti Intel, tí páwà páàkì kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ló fi í sí 5% sókè, 5% sísàlẹ̀.

Dídákẹ́
Kí ló dé tí kò kàn wò ó nínú BIOS (ojú ìṣètò mọ́dábọ́ọ̀dù, kí Windows tó wọlé)? Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ìyá_Àgbà_Mítà
Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù ló ń kà á, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í sì í kà á pé. Mo ti rí èyí tó ń kọ 10.9V nígbà tí mítà ń kọ 12.1V. Yàtọ̀ sí ìyẹn, BIOS kì í réńdà fídíò. Inú ẹrù ni àrùn yìí wà.

Ayàfídíò
Ó dára. Ẹ wo ohun tí mo rí.

Àwọ̀ àlùkò láàárọ̀, kété tí mo ki wáyà bọ̀ ọ́: 4.31V, ó ń mì lọ mì bọ̀. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi dé nǹkan bíi 4.8V, gílóòbù dáwọ́ ṣíṣẹ́jú dúró, bọ́tìnì sì dáhùn. Lẹ́yìn tó ti gbóná dáadáa, 4.92V.

Ní ìjókòó lásán: yẹ́lò 12.05V, pupa 5.02V, àwọ̀ ọsàn 3.31V. Inú mi dùn níbẹ̀, mo rò pé kò ṣe nǹkan kan.

Nígbà réńdà: yẹ́lò ní oníhò 24, 11.38V. Ní ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì káàdì àwòrán, 11.12V, ó sì ń já sísàlẹ̀ sí i. Kí n tó ka òmíràn, káà! Ó ti kú.

Ìyá_Àgbà_Mítà
Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ mọ́. Wò ó, àrùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan.

4.31V tó ń gòkè bó ṣe ń móoru, ìyẹn ti kàpásítọ̀ kékeré (ohun tó ń gba iná pamọ́ fúngbà díẹ̀) inú ẹ̀ka tó ń ṣe 5V àwọ̀ àlùkò yẹn. Omi inú rẹ̀ ti ń gbẹ. Bó bá tutù, kò lè ṣiṣẹ́, bó bá móoru díẹ̀ á tún gbìyànjú. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ rẹ fi ń kọ̀ láàárọ̀. Ẹ̀ka yẹn kì í sinmi: ní gbogbo ìgbà tí wáyà bá ti wà lára ògiri ló ń ṣiṣẹ́, bí kọ̀ǹpútà tan bí kò tan, nítorí náà òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbó.

12.05V tó di 11.38V, ìyẹn ni agbára rẹ̀ tó ti lọ sílẹ̀. Ó ti bọ́ sábẹ́ 11.4V.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí o lọ wò kó tó di iṣẹ́ mìíràn: 11.38V sí 11.12V. Páwà páàkì kan náà, àsìkò kan náà, ṣùgbọ́n 0.26V ti sọnù lójú ọ̀nà. Bí 150W bá ń gba púlọ́ọ̀gì yẹn, nǹkan bíi 12.5A nìyẹn, wáyà mẹ́ta ló sì ń pín in gbé. Díẹ̀ nínú 0.26V yẹn jẹ́ ti wáyà fúnra rẹ̀. Ìyókù ń di ooru níbi tí irin kò ti fara kan irin dáadáa. Pa ẹ̀rọ, yọ wáyà ògiri, yọ púlọ́ọ̀gì yẹn, kí o sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò rẹ̀.

Ayàfídíò
Ha! Ẹ̀rù bà mí. Ó kọ́kọ́ kọ̀ láti jáde, mo ní láti mì ín díẹ̀díẹ̀. Nínú ihò mẹ́jọ, méje funfun bó ṣe yẹ. Ẹ̀kẹjọ, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn yẹ́lò wọlé sí, ó ti pọ́n bíi ìdí àwo tó jóná, etí rọ́bà rẹ̀ ti yọ́ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Irin inú rẹ̀ kò dán mọ́, ó ti là sí méjì, àlàfo sì wà láàárín rẹ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀, òórùn wáyà jíjóná ni.

Ọmọ_Túlẹ̀
Ẹ kú ewu. Ìyẹn ìbá dáná sun ilé o.

Ajólẹ́ẹ̀dì
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti òkè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ra páwà páàkì tuntun. Kàpásítọ̀ kékeré kan ló ń ṣe gbogbo èyí. Ẹ ṣí i, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ irin ìtutù, ẹ máa rí i. Ẹ jó o kúrò, ẹ jó tuntun bọ̀ ọ́, púlọ́ọ̀gì náà ẹ pààrọ̀ ẹnu rẹ̀. [a ti yọ ìyókù]

Alámòójútó
Mo ti yọ apá tó ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣí páwà páàkì kúrò nínú èsì òkè yìí. Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò burú, ìlànà rẹ̀ ni n kò fẹ́ níbí.

Ìyá_Àgbà_Mítà
Ajólẹ́ẹ̀dì, o mọ iṣẹ́ rẹ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ yá mítà ni. Kàpásítọ̀ ńlá kan wà nínú páwà páàkì yẹn. Níbi tí iná ògiri bá jẹ́ 230V, nǹkan bíi 325V ló máa ń wà nínú rẹ̀, èyí tó bá sì ní PFC gidi (ẹ̀ka tó ń tún bó ṣe ń fa iná ògiri ṣe) máa ń gbé e dé nǹkan bíi 380 sí 400V. Yíyọ wáyà lára ògiri kò sọ pé ó ti ṣófo. Iná lè jókòó sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí o ti gbàgbé pé o yọ wáyà. A kì í fi ìyẹn kọ́ iṣẹ́.

Ajólẹ́ẹ̀dì
Mà, mo gbọ́. Èmi náà kì í ṣí i láìṣe pé mo ti fi resísítọ̀ tú iná inú rẹ̀ dànù, tí mo sì fi mítà wò ó pé ó ti ṣófo. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé àìmọye páwà páàkì là ń jù nù nítorí kàpásítọ̀ kan ṣoṣo tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n fún eléyìí, tí yẹ́lò ti rẹ̀, tí púlọ́ọ̀gì sì ti yọ́, kì í ṣe kàpásítọ̀ kan ni. Bí ó bá wà lórí tábìlì mi, n kò ní dá a padà fún oníbàárà tó ní káàdì àwòrán gidi. Màá lò ó fún iṣẹ́ kékeré.

Ìyá_Àgbà_Mítà
Ibi tí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé náà nìyẹn. Ayàfídíò, wo bébà ẹ̀gbẹ́ páwà páàkì rẹ, kí o ka ìlà +12V fún mi.

Ayàfídíò
Wọ́n kọ 550W gàdàgbà. Lábẹ́ rẹ̀: +12V1 18A, +12V2 16A, àpapọ̀ méjèèjì 384W.

Ìyá_Àgbà_Mítà
Ṣé o rí i? 384W ni tìrẹ, kì í ṣe 550W. CPU àti káàdì àwòrán ayé òde òní, 12V ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ nìkan. Ìyókù nínú 550W yẹn wà lórí 3.3V àti 5V, tí kọ̀ǹpútà òde òní kò fi bẹ́ẹ̀ lò. Bí o bá fẹ́ ra òmíràn, ìlà yẹn ni kí o kọ́kọ́ wò. Èyí tó dára, ìlà +12V rẹ̀ á sún mọ́ iye tí wọ́n kọ gàdàgbà.

Dídákẹ́
Kó ṣáà ra èyí tí wọ́n kọ 80 PLUS Gold sí.

Ajólẹ́ẹ̀dì
Gold kì í ṣe ẹ̀rí pé ó lágbára o. Ohun tó ń wọ̀n ni bí iná tó ń ṣòfò ṣe kéré tó: ní 115V, Gold gbọ́dọ̀ sọ 90% iná ògiri di iná tó wúlò nígbà tí ẹrù bá jẹ́ ìdajì. Kò sọ nǹkan kan nípa ààbò rẹ̀, kò sì sọ irú kàpásítọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Gold tó dára wà, Gold tó yẹ kí èèyàn sá fún sì wà. Ẹ wá ẹni tó ti fi ẹrù dán irú rẹ̀ wò, tó sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tó ra nǹkan.

Ní ti ìwọ̀n: ẹ ro iye W tí CPU lè fà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi pọ̀ mọ́ ti káàdì àwòrán, ẹ fi 50 sí 75W kún un fún fáànù, dírááìfù àti mọ́dábọ́ọ̀dù, kí ẹ wá wá èyí tí àpapọ̀ yẹn kò ní ju bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Àlàfo yẹn kì í ṣe ìfiṣòfò. Káàdì àwòrán máa ń fò sókè fìrí kọjá ìwọ̀n rẹ̀, bí mítà yín kò tilẹ̀ rí i. Ìlànà ATX 3.0 tó jáde ní 2022 fi ojú sí ọ̀rọ̀ yìí: ó ní kí páwà páàkì tó bá ní púlọ́ọ̀gì 12VHPWR (ti káàdì àwòrán ńlá) lè fara da ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀ fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá.

Ayàfídíò
Mo ti rí ọ̀kan yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan, 750W, onípúlọ́ọ̀gì yíyọ. Kò rí àwọn wáyà rẹ̀ mọ́. Ti tèmi náà ṣeé yọ, ẹnu wọn sì bá ara mu, mo ti wò ó. Ṣé kí n fi wáyà tèmi sí i kí n fi dán an wò?

Ìyá_Àgbà_Mítà
RÁRÁ O!

Ajólẹ́ẹ̀dì
Rárá! Ẹ má dán an wò. Apá tó ń wọ káàdì àti dírááìfù ni ìlànà kan náà dè. Apá tó ń wọ páwà páàkì, oníkálukú ló ń tò ó bó ṣe wù ú, ìgbà mìíràn sì wà tí ilé-iṣẹ́ kan náà á yí i padà láàárín oríṣi méjì. Ẹnu á bá ara mu, ṣùgbọ́n ibi tí tọ̀hún fi 5V sí lè jẹ́ ibi tí tìrẹ fi 12V sí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: wáyà àjèjì wọlé, dírááìfù kò tan mọ́, gbogbo fáìlì sì bá a lọ. Mo ti gba irú dírááìfù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ẹ wá wáyà rẹ̀ gan-an, tàbí kí ẹ yá èyí tí wáyà rẹ̀ pé.

Ayàfídíò
Ọlọ́run ló ní kí n béèrè. Mo máa padà wá.

Ayàfídíò
Ọ̀rẹ́ mi ti rí àpò wáyà náà. Mo já gbogbo ti àtijọ́ kúrò pátá, wáyà rẹ̀ kò ku ẹyọ kan nínú àpótí. Lẹ́yìn tí mo to tuntun sí i, mo gbé iṣẹ́ tó gùn jù lọ́wọ́ mi fún un láti réńdà. Kò kú. Àwọ̀ àlùkò 5.06V láàárọ̀, ní tútù. Yẹ́lò ní oníhò 24 nígbà réńdà, 12.02V, ní ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì káàdì, 11.96V. Bọ́tìnì dáhùn ní títẹ̀ kan. Màá ra irú rẹ̀, kí n dá ti ọ̀rẹ́ mi padà.

Ohun kan ló ṣẹ́ kù tí mo fẹ́ béèrè. Púlọ́ọ̀gì àtijọ́ ló yọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tó wà lára káàdì àwòrán ńkọ́? Irin kan níbẹ̀ ní àbàwọ́n díẹ̀.

Ìyá_Àgbà_Mítà
0.06V nìkan ló ń sọnù lójú ọ̀nà báyìí, ìyẹn dára. Wo rọ́bà tó yí irin yẹn ká. Bí kò bá yọ́, tí irin náà sì dúró ṣánṣán bíi ti àwọn yòókù, àbàwọ́n òkè rẹ̀ kò ṣe nǹkan. Má fi sáńpépà ha á, wàá ha ohun tí wọ́n fi bo irin náà dànù. Réńdà fún bíi ìdajì wákàtí, pa á, yọ wáyà ògiri, kí o sì fọwọ́ kan ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì náà lójú ẹsẹ̀. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú. Bí ọwọ́ rẹ kò bá lè dúró lórí rẹ̀, gbé káàdì náà lọ fún ẹni tó máa pààrọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ayàfídíò
Rọ́bà kò yọ́. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́yìn réńdà, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán ni. Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ̀gbọ́n Ajólẹ́ẹ̀dì, bí ẹ bá fẹ́ èyí tó kú yẹn fún àwọn ohun inú rẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

Ajólẹ́ẹ̀dì
Mo ti fi ránṣẹ́. Ẹ gé púlọ́ọ̀gì tó yọ́ yẹn kúrò lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó gbé e wá, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ kì í bọ káàdì mìíràn.